ADÌẸ, OHUN ÌJÀ ÀTI ÌDÁJỌ́ IKÚ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní Sẹ̀kọ̀nà



Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìròyìn tàn ká gbogbo ilẹ̀ pé a dá ẹjọ́ ikú fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí nítorí adìẹ àti ẹyin. Púpọ̀ nínú wa ni ó bú adájọ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti òfin pẹ̀lú.

Ní ọdún 2010 ni a mú ọmọ náà. Ní 2014 ni ilé ẹjọ́ gíga tí ó wà ní Òkukù dá òun àti ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ti adìẹ nìkan: a ní wọ́n fi ohun ìjà ja ilé onílé lólè. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ẹni tí ó jalè lásán, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni, bí kò bá sí ohun mìíràn tí ó mú ọ̀ràn rẹ̀ wúwo. Ẹni tí ó fi ipá jalè láìmú ohun ìjà lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ohun ìjà lọ́wọ́, ikú ni. Ìjọba ológun ni ó ṣe òfin yìí ní 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Òfin náà kò béèrè iye owó ohun tí a jí. Bí ẹ̀sùn bá ti dúró, adájọ́ kò ní ohun mìíràn láti wí.

A kò wí pé kí a tú ọlọ́ṣà sílẹ̀. Ẹni tí a fi ohun ìjà jí lóru kò ní rántí iye owó adìẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ tí ó jí gègé àti èyí tí ó fọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí, a kì í na wọ́n ní iye pàṣán kan náà. Adájọ́ tí kò lè fi ẹ̀ṣẹ̀ wọn ìyà, òṣùwọ̀n ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òbí ọmọ náà sì wí pé ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí a mú un. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò gbà kí a dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tí kò tíì pé 18.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó kù: ẹsẹ̀ 212 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti 1999, tí ó fún Gómìnà ní agbára àtidárí ji ẹlẹ́bi. Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ wa, sì lò ó ní oṣù Kejìlá kan náà. A yìn ín. Bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, ọwọ́ kejì ni a fi í fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọdún 14 ti kọjá lára ọmọ náà kí ọwọ́ kejì tó dé, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn padà fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, ẹ rán sí àwọn aṣòfin wa ní Òṣogbo àti ní Abùjá: kí wọn dá òṣùwọ̀n padà fún adájọ́, kí a sì máa wádìí ọjọ́ orí ẹni tí a mú kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run, Onídàájọ́ òdodo, kí ó tọ́ wa sọ́nà.