Iná Pupa Kékeré Yẹn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Súrùlérè)

 

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni n ó sọ, nítorí iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Pólì nìyẹn, òun náà ni mo sì ń ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọ ọgbà yìí láàárọ̀ òní, ọkọ̀ ni mo rí tó kún bámúbámú. Mo ní, háà, mo ti mọ ohun tí n ó sọ. Ará iwájú tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi gan-an ni ará iwájú yẹn.

Ní ọdún 2019, mo fi owó àjọ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ mi tí abẹ́ rẹ̀ fi gbá etí kòtò kan ní Muṣin, gbàà! Ọ́ìlì ń jò. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí tú sọ́ǹpù, ìyẹn àwo irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń gbé inú rẹ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù púpọ̀ lẹ̀ ẹ́ padà, ó ní, "Ọ̀gá, ó ti parí." Mo sanwó, mo bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń ti Erékùṣù Èkó bọ̀ ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Ẹ mọ bí Third Mainland Bridge ṣe máa ń rí ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti parí rẹ̀ ló ti ń pe ẹsẹ̀ awakọ̀ níjà: ó lé ní kìlómítà 11, kò sì sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo tẹná mọ́ ọn. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Adékúnlé kí n lè bọ́ sí Yábà, eré ni mo fi já kọ́nà. Iná pupa kékeré kan tó ní àwòrán ike ọ́ìlì ṣẹ́jú níwájú mi. Bí ọkọ̀ ṣe tọ́ padà báyìí, iná náà kú.

Mo sọ fún ara mi pé wáyà ni. Mo sọ fún mẹkáníìkì yẹn, kò tiẹ̀ ṣí bọ́néẹ̀tì. Ó ní, "Sẹ́ńsọ̀ ni, ẹ máa lò ó lọ." Inú mi dùn sí èsì yẹn, ẹ ò rí i pé kò ná mi ní kọ́bọ̀? Èmi náà kò sì fa géèjì ọ́ìlì yọ wò. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní gbé e lé ẹlòmíràn lórí.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kan. Ní Jíbówú, iná náà tàn, kò kú mọ́. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan: kọ́-kọ́-kọ́-kọ́. Ṣé mo dúró? N kò dúró. Mo gbé ohùn rédíò sókè! Mo ní bí mo bá pẹ́, ọ̀gá mi á pariwo lé mi lórí. Kí n tó dé Fádèyí, ọkọ̀ dákẹ́.

Owó tí ìyàwó mi ń kó jọ láti fi gba ìsọ̀ ní ọjà Tẹjúoṣó la fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn ní Ládípọ̀. Kò bá mi jà. Ó kó owó náà fún mi láìsọ̀rọ̀, ó sì padà sí abẹ́ agbòòrùn tó ti ń tajà. Ibẹ̀ ló ti ń tà á títí di òní. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú yín.

Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tó kú náà, ohun mẹ́ta la bá. Kòtò Muṣin ti ti ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù wọnú, débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Ẹ̀rún gọ́ọ̀mù ti há sójú asẹ́ ẹnu náà. Ọ́ìlì sì ti fi díẹ̀díẹ̀ jò lọ ju lítà kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àwọn tó tú u ṣe là á yé mi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irin ń yí nínú irin, síbẹ̀ irin kò gbọdọ̀ kan irin. Ọ́ìlì ló là wọ́n, ó sì fẹ́lẹ́ ju fọ́nrán irun orí lọ. Pọ́ǹpù ló ń fa ọ́ìlì náà láti inú sọ́ǹpù, tó ń tì í lọ síbi gbogbo. Bí pọ́ǹpù bá fa afẹ́fẹ́ dípò ọ́ìlì, kíá ni irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin.

Ẹ ó ní, ọ́ìlì ṣì wà nínú sọ́ǹpù, kí ló dé tó fi ń fa afẹ́fẹ́? Ẹ rántí ìgbà tí a ń ru omi láti ẹ̀rọ lọ sí ilé ìdáná. Bí ẹ bá fi eré já kọ́nà, etí yín lomi ń dà sí. Tíṣà wa Físíìsì, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ohun tó ń lọ tààrà kì í fẹ́ yà bí ẹnìkan kò bá yà á. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó, a dà á kọ, a fi yege ìdánwò. Owó ẹ́ńjìnnì ni mo fi kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ní kọ́nà, ọ́ìlì á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a bá tẹ bíréèkì, á rọ́ síwájú. Ẹnu pọ́ǹpù á wá ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àwọn tó mọ àrùn yìí jù ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ ilé sáré lójú pápá eré. Ní Nürburgring ní Jámánì, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1927, ẹnikẹ́ni lè sanwó kó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré lórí ọ̀nà tó gùn tó nǹkan bí 20 kìlómítà, kọ́nà lórí kọ́nà. Àwọn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì dín. Wọ́n tún máa ń fi pèpéle irin pín inú sọ́ǹpù sí yàrá-yàrá, kí ọ́ìlì má lè rọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àbí kí ni àwa náà ń ṣe? A máa ń fi ewé lé ojú omi nínú garawa kó má baà dànù. Ọgbọ́n kan náà ni. Porsche 911 ní tirẹ̀, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, inú táńkì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ọ́ìlì rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wa Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1975, ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ. Àwọn tó ń fi sáré ìdíje a máa so àpò ọ́ìlì kékeré mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí ọ́ìlì bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni kọ́nà ṣe léwu tó. Ọkọ̀ tí ọ́ìlì rẹ̀ ti dín, tí kòtò sì ti tẹ sọ́ǹpù rẹ̀, kò nílò Jámánì kó tó kú. Adékúnlé tó o.

Kí la ó wá ṣe? Ẹ fa géèjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kí ẹ tó táàtì ọkọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ. Láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti tòkè, ó sábà máa ń tó lítà kan. Ẹ jẹ́ kó wà nítòsí àmì òkè, ṣùgbọ́n kó má kọjá rẹ̀, nítorí bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, irin tó ń yí á pò ó di ìfófòó, ìfófòó kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì.

Bí abẹ́ ọkọ̀ bá gbá nǹkan, ẹ má wo jíjò nìkan. Ẹ wò ó bóyá sọ́ǹpù ti tẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, ẹ dúró tì wọ́n: kí wọ́n fọ asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù, kí gọ́ọ̀mù má sì pọ̀ jù.

Bí iná pupa bá ń ṣẹ́jú ní kọ́nà tàbí lórí bíréèkì, ẹ má pè é ní wáyà kí ẹ tó yẹ géèjì wò. Bí ọ́ìlì bá pé, kí mẹkáníìkì tú sẹ́ńsọ̀, kó de aago tó ń wọn agbára ọ́ìlì sí ojú ihò rẹ̀. Ìgbà yẹn la ó mọ òótọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Iná yẹn kò sọ pé ọ́ìlì ń dín kù. Ohun tó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì ti lọ. Taya yín ń lo nǹkan bí 30 psi. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná yìí kì í tàn àyàfi tí agbára ọ́ìlì bá já wálẹ̀ sí nǹkan bí 5 tàbí 7. Bó bá tàn tí kò kú, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ní ẹ fẹ́ dé bọ́sìtọ́ọ̀pù tó kàn.

Mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ kan parí rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ń dá owó bọ́ọ̀sì fún ilé-ìwé. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká ra ìwé kékeré kan mọ́ ọn, kí dírẹ́bà máa kọ ibi tí ọ́ìlì dé sínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí ẹnìkan nínú wa sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ sí i pé, bí iná pupa bá tàn tí dírẹ́bà sì dúró, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a wí pé ó pẹ́. Ìbẹ̀rù àríwísí ló pa ẹ́ńjìnnì tèmi, kì í ṣe kòtò nìkan.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ìjàǹbá lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì jáde níbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó táàtì ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ fa géèjì yín wò.