Ta Ló Máa Wo Fídíò Ẹ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi tó ń kọ́ accounting wá bá mi nílé ní Surulere. "Dádì, ẹ má bínú, fídíò yíyà ló wù mí." Àyà mi já. Owó ilé-ìwé ọdún yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san án ni!

Fẹlá ló wá sí mi lọ́kàn. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ní kó lọ kọ́ ní London lọ́dún 1958. Orin ló lọ kọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, dókítà làwọn yẹn o. Nígbà tó padà délé, jazz ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tà. Fẹlá fúnra ẹ̀ sọ pé ìyá òun ló ní kóun máa kọ orin tó máa yé àwọn èèyàn òun. Ẹ rí i pé Afrobeat tó kọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn ará Múṣin gbọ́ ọ yé.

Nínú ìmọ̀ràn yẹn, kò sí "jáwọ́", kò sì sí "ṣe bó ṣe wù ẹ́". Èmi náà bi ọmọ mi pé ta ló máa wo fídíò ẹ̀. Ó dákẹ́. Mo ní kó lọ ya ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìnládùúgbò wa. Mò ń retí ẹ̀ ní Sátidé.