Owó tí Ó Gba Ẹ̀yìn Padà



Ní ọdún kan, ọkùnrin kan tí ń ta ìwé tọ̀ wá wá. Ó ní bí a bá yan ìwé òun fún àwọn ọmọ wa, òun yóò dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà padà fún wa. A kọ̀, ṣùgbọ́n a kò ní purọ́ fún yín, a kọ́kọ́ rò ó. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òfin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe sí irú owó bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ a máa ṣáájú iṣẹ́, owó ẹ̀yìn a máa tẹ̀lé e. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní 1965 ni wọ́n dá Medicare sílẹ̀, kí àpò ìjọba lè máa san owó ìwòsàn àwọn arúgbó. Àwọn kan rí oyin níbẹ̀. Dókítà a fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Ilé àyẹ̀wò a gba owó ìjọba, a sì bu díẹ̀ padà fún dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò tí kò wúlò ṣe ń pọ̀ sí i. Òfin dé ní 1972. Ní 2018 ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10, ìtanràn rẹ̀ lè tó dọ́là 100,000. Ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà, ẹ̀bi kan náà ni. Ní 1985 ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan dá a pé, bí a tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ fún owó náà, bí ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ bá jẹ́ láti fa aláìsàn wá, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Bákan náà ni iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba. Òfin 1946 mú díẹ̀ nínú wọn. Ti 1986 mú gbogbo wọn. Agbaṣẹ́ṣe kékeré tí ó bá fún agbaṣẹ́ṣe ńlá lówó nítorí àtirí iṣẹ́ gbà, àwọn méjèèjì ti rú òfin. Nítorí owó náà yóò wọ inú iye iṣẹ́, ìlú ni yóò sì san án.

Àwa náà kò ṣàìní òfin: Nàìjíríà ṣe ti ìwà ìbàjẹ́ ní 2000, ó ṣe ti iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba ní 2007. Ẹlẹ́rìí ni ó wọ́n.

Ẹ̀yin ará wa, aláìsàn kò mọ oògùn, ọmọ ilé-ìwé kò mọ ìwé tí ó yẹ ẹ́. Ojú wa ni wọ́n fi ń ríran. Bí a bá ta ojú náà, kí ni ó kù? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.