Ọkọ̀ Tuntun Tàbí Àlòkù: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kan Onídùúró Pẹ̀lú
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ)

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ èrè orí ìpín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Nínú àwọn fọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń tọrọ owó yá, èyí tí a kọ "ọkọ̀ ilé" sí kò wọ́n rárá, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi wá kí wọ́n tó buwọ́ lù ú kò ju ọ̀kan lọ: ṣé tuntun ni kí àwọn rà, tàbí àlòkù?

A ó dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tí ó bá yá owó lọ́dọ̀ wa, àwọn onídùúró ni ó fọwọ́ sí ìwé fún un, owó àjẹṣẹ́kù tiwọn ni ó sì dúró lẹ́yìn gbèsè náà. Bí ọkọ̀ bá dákú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí àtúnṣe rẹ̀ ń jẹ owó oṣù débi pé gbèsè kò ṣeé san mọ́, onídùúró tí kò fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ náà rí ni a ó lọ bá. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń yan ọkọ̀, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni ó ń yàn án fún.

Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa kò ní gbàgbé ìgbà tí ìbéèrè yìí kò le. Ní ọdún 1975, tí àwọn òṣìṣẹ́ gba owó Udoji, ọdún náà gan-an ni iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí. Tíṣà a máa ra Ìjàpá tuntun, ọ̀gá ọ́fíìsì a máa ra Peugeot 504, ìjọba a yá wọn lówó, a sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Nígbà tí ètò SAP dé ní ọdún 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun fò kọjá orí òṣìṣẹ́. Ìgbà náà ni àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì, àwọn ènìyàn wa sì fún un ní orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun: Tòkunbọ̀. Orúkọ náà dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí òkè òkun, a mọ ìyá rẹ̀, a mọ bàbá rẹ̀. Tòkunbọ̀ ti inú ọgbà ọlọ́kọ̀ yìí, ta ni ó mọ ilé tí ó ti wá?

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti ọkọ̀ tuntun ná. Ó ní ọlá tirẹ̀, a kò ní bù ú kù. Ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó ní ìlòkulò, iléeṣẹ́ tí ó ṣe é sì máa ń fún ni ní ìwé pé àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí di àkókò kan. Ẹ ka ìwé náà dáadáa. Ohun tí ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ máa gbé ọkọ̀ lọ fún ìtọ́jú. Bí ibi iṣẹ́ wọn bá wà l'Ékòó, tí ẹ̀yin sì ń gbé ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkọ́lé, epo àti ọjọ́ iṣẹ́ tí ẹ ó máa fi lọ fi bọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ tuntun bá sì ti jáde kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, àlòkù ni. Ọdún bíi mẹ́ta àkọ́kọ́ ni iye rẹ̀ máa ń jábọ́ jù, ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á ni ó sì máa ń ru ẹrù náà. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á, kí ó rù ú. Ẹni tí ó fi gbèsè rà á ni a ń bẹ̀rù fún, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé báńkì ni ó ti lọ gba àfikún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ sí 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé tí àwọn báńkì yòókù ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó yáwó sì máa ń ga ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Àwa ra ọkọ̀ tiwa ní ọdún 2021, a sì ti tà á ní iye tí ó ju èyí tí a rà á lọ. Èrè ni." Kì í ṣe èrè. Kí wọ́n tó yí ètò owó padà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́dọ̀ ìjọba. Ní ọdún 2024 ó ti kọjá 1,400. Náírà ni ó kéré, ọkọ̀ kò dàgbà. Ẹ mú owó tí ẹ tà á náà lọ sí ọjà kí ẹ wò ó bóyá yóò ra ìkejì rẹ̀.

Ìṣirò ni kí á wá ṣe wàyí. Àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi iye tiyín sí i. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ní 3,000,000 náírà nínú àjẹṣẹ́kù, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yá a ní ìlọ́po méjì, 6,000,000. Ká ní èlé gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600,000, tí yóò sì san án ní oṣù 36. Yóò máa san bíi 183,300 lóṣooṣù. Ohun tí a máa ń rí ni pé ọkọ̀ 6,000,000 gééré ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wá lọ. Bí ó bá kù díẹ̀, yóò yá a lọ́wọ́ àna. Ọkọ̀ dé, a gbàdúrà sí i, a ya fọ́tò. Kò tó oṣù kan, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kọ́kọ́ béèrè, nítorí táyà tí ó bá a wá ti gbó. Bátìrì tẹ̀ lé e. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti jíà, bíréèkì, ṣọ́kì, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì tí kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Owó ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Owó ìbánigbófò ńkọ́? Èyí tí ó kéré jù níbẹ̀, tí ó wà fún ẹni tí ọkọ̀ yín bá gbá nìkan, wọ́n gbé e láti 5,000 sí 15,000 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kò sì ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe.

Nítorí náà ìdáhùn wa nìyí. Ẹni tí a yá ní 6,000,000, ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 4,500,000. Kí 1,500,000 tí ó kù wà lọ́wọ́ akápò fún ọdún kìíní ọkọ̀ náà, kí ó má ṣe di aṣọ ẹbí. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Bí 4,500,000 kò bá lè ra tuntun, a jẹ́ pé tuntun kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Bí kò bá lè ra tòkunbọ̀ tí ó dára, ẹ má ṣe ra tòkunbọ̀ tí kò dára.

Èyí mú wa dé orí ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, àlòkù ilé, èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí. Wọ́n ní ọ̀nà wa ti fọ́ ọ, mẹkáníìkì wa ti bà á jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi ọdún mẹ́fà lò, tí a mọ ẹni tí ó ń tún un ṣe, tí a mọ ọjọ́ tí ó kọlu nǹkan àti ohun tí wọ́n pààrọ̀, sàn lójú tiwa ju tòkunbọ̀ tí a fọ̀ tí a kùn, tí ẹni tí ó ń tà á pàápàá kò mọ ìtàn rẹ̀. Ìtàn ọkọ̀ ni kí ẹ máa rà, kì í ṣe ọ̀dà ara rẹ̀.

Ti epo kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 lítà epo kan kò tó 200 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo l'Ékòó. Kí ọdún náà tó parí ó ti kọjá 500. Bí ọkọ̀ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin bá ń jẹ lítà 8 ní 100 kìlómítà, tí jíìpù onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà ń jẹ 13, tí ẹ sì ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù, ìyàtọ̀ lítà 50 nìyẹn. Bí lítà bá jẹ́ 900, ó di 45,000 lóṣooṣù, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹni àpẹẹrẹ wa ń san fún gbèsè. Ẹ sì ra irú èyí tí ó pọ̀ lójú títì. Ohun èlò Corolla, ẹ kò ní wá a tì ní Ládípọ̀ tàbí ní Géètì Ìbàdàn. Ọkọ̀ tí ẹ̀yin nìkan ní ládùúgbò, ẹ̀yin nìkan náà ni yóò máa wá ohun èlò rẹ̀ kiri.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á wàyí, kí ni kí ẹ wò? Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Ẹni tí ó ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ dè yín lè ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Bí ẹ bá tan án, ẹ wo èéfín rẹ̀: èéfín aláwọ̀ aró ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì, èéfín dúdú ń sọ pé epo ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ó gbóná ń sọ pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn bá dà bí ògì, ẹ máa lọ sílé. Àwọn iná pupa àti òféèfèé iwájú awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn kí wọ́n tó kú. Èyí tí kò tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ó má baà tú àṣírí. Aago tí ń ka máìlì ṣeé yí padà sẹ́yìn. Rọ́bà orí bíréèkì tí ẹsẹ̀ ti jẹ tán kì í purọ́. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é: 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni.

Nọ́ńbà ṣáṣì ni ìwé ìtàn ọkọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti tò ó, W, Jámánì, 2, Kánádà, 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà. Nínú èyí tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èyí kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Ẹni tí ó bá ní 2011 ni, kí ẹ fi nọ́ńbà dá a lóhùn. Pẹ̀lú nọ́ńbà yìí kan náà, ẹ lè fi owó díẹ̀ wá ìtàn ọkọ̀ Amẹ́ríkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti ní ìjàm̀bá tàbí omi ti bò ó rí. Omi Katrina ní 2005 àti ti Harvey ní 2017 bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a sì máa ń ta irú wọn ní gbàǹjo, tí àwọn mìíràn ń bá ọjà dé Áfíríkà. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ fi imú gbóòórùn. Ẹ wo bóòtù abẹ́ ìjókòó bóyá ó dípẹtà.

Ti ìwé: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá ń sọ fún yín pé ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú òun gba Sèmẹ̀ tàbí Ìdíròkò wọlé ti jẹ́wọ́ fún yín nìyẹn. Aṣọ́bodè lè gbà á lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ yóò lọ, gbèsè kò ní bá a lọ.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kí wọ́n máa ṣe láti òní lọ. Kí mẹkáníìkì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ń tà yẹ ọkọ̀ wò, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Kí ẹgbẹ́ kọ sọ̀wédowó sí orúkọ ẹni tí ó ni ọkọ̀, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó ń yáwó. Kí a sì mú àwọn onídùúró lọ wo ọkọ̀ náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tí ó bá rí i tí ó ní òun kò ṣe mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí i.

Ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà wà lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé. Ìbéèrè yín ni ó kù. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, àwọn ará iwájú ni wọ́n gba gbogbo àyè ní ìgbà tí ó kọjá.