Ẹ̀rọ Tí Ó Bá Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Mu

Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ń pa ènìyàn ní Sierra Leone, ìwé kíkọ di ìṣòro ńlá fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ìwé tí ó bá ti wọ inú ọgbà àwọn aláìsàn kò gbọdọ̀ jáde mọ́, kí ó má baà gbé àrùn náà jáde. Ńṣe ni wọ́n ń dúró létí ọgbà, tí wọ́n ń kígbe ohun tí wọ́n rí sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ fojú inú wo nọ́ọ̀sì tí ó wọ aṣọ ìdáàbòbò láti orí dé ẹsẹ̀, tí òógùn bò, tí ó sì ń ké iye oògùn! Àṣìgbọ́ kan ṣoṣo lè mú kí oògùn ẹnì kan bọ́ sẹ́nu ẹlòmíràn.

Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières àti ilé-iṣẹ́ Google fi ṣe kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n lò ní Magburaka. Ó ṣeé rì bọ inú omi klorín. Ẹni tí ó wọ ìbọ̀wọ́ lè fi ìka tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ó wà lóde ọgbà yóò sì rí ohun tí ó kọ.

Òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ. Níbòmíràn, àní ní Nàìjíríà, wọn a ra kọ̀ǹpútà, wọn a ya fọ́tò. Nọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ a padà sídìí ìwé rẹ̀, wọn a sì pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Bí ìjọba bá tún kó ẹ̀rọ dé ilé ìwòsàn yín, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọn yóò fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àti ibi tí iná yóò ti wá.