Ta Ló Ń Pa Igún? Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò

  Ẹ ní kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó àdúgbò. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lè ya àwọn kan lẹ́nu, torí pé ọ̀rọ̀ igún ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn àgbà: ìgbà wo lẹ rí igún kẹ́yìn l'Òṣòdì níbí? Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń bà sórí òrùlé àti sórí ààtàn, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń pa màlúù. Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000, inú òwe àti àdúrà la ti mọ̀ ọ́n jù. Ẹ ó ní, "A kì í gbọ́ ikú gúnnugún ní kékeré," àwa náà á ṣe àmín. Ṣùgbọ́n lóde òní, ní kékeré ló ń kú.

Ní 2015, àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run láyé, fi igún kékeré tó pá lórí yìí, èyí tí gbogbo wa mọ̀, sára àwọn tó ti dé etí bèbè ìparun. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí kárí Áfíríkà ṣírò pé láàárín ìran ẹyẹ mẹ́ta, 83 nínú 100 wọn ló ti lọ. Nínú ikú igún tí wọ́n rí kọ sílẹ̀, májèlé ló fa 61 nínú 100. Èyí tí wọ́n pa tà fún oògùn jẹ́ 29. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún yìí máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹni tó bá pa mẹ́wàá lónìí, kò rọrùn kí mẹ́wàá mìíràn rọ́pò wọn.

Nígbà míì, májèlé àti oògùn máa ń di nǹkan kan náà. Ní 2020, ní Guinea-Bissau, igún tó lé ní 2,000 ló jẹ májèlé kú. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n rí i pé wọ́n ti gé orí àwọn kan lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rò ó wò ná. Ẹyẹ tí májèlé pa, tí wọ́n sá orí ẹ̀ sí oòrùn, tí wọ́n gbé e dé orí atẹ, tẹ́nì kan rà á, tó lọ̀ ọ́ mọ́ àgúnmu. Kí lẹni yẹn ń gbé mì? Májèlé kì í kúrò nínú ẹran torí pé ẹran gbẹ.

Ẹnì kan lè ní, kí ló kàn wá nínú ẹyẹ tó ń jẹ òkú? Ó kàn wá gan-an. Omi inú ikùn igún le débi pé ó ń pa kòkòrò àìsàn tó lè pa èèyàn, títí kan ti anthrax. Ẹ rántí 2023, nígbà tí anthrax wọ Ghana, tí ìjọba àpapọ̀ ní ká ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́, tó sì wá dé Ìpínlẹ̀ Niger lóṣù keje. Òkú ẹran tí igún bá ti jẹ tán, kò ku nǹkan tí yóò máa jẹrà sí wa nímú.

Ní Íńdíà, wọ́n rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí kò bá sí igún. Láti àwọn ọdún 1990, wọ́n ń fún màlúù ní oògùn ara-ríro tó ń jẹ́ diclofenac. Igún tó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín ẹ̀ á bàjẹ́, á kú. Ó lé ní 95 nínú 100 tó kú láàárín ọdún díẹ̀. Òkú ẹran ń jẹrà kiri, ajá ìgboro pọ̀ sí i, dìgbòlugi ń bá wọn rìn. Wọ́n fòfin de oògùn náà fún ẹran ní 2006. Ní 2024, àwọn onímọ̀ méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, ṣírò rẹ̀ pé láàárín 2000 sí 2005, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló bá a lọ. Ẹ wá wo gọ́tà tiwa, ẹ wo ajá ìgboro tiwa. LAWMA ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n igún kì í gba owó oṣù, kì í sì í dáṣẹ́ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa tó ń ṣe ìṣègùn wà níjòókòó. Mi ò wá bú àṣà o. Àṣà gan-an ni mo fẹ́ gbé ara lé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé bí a ò bá rí igún, a kì í ṣẹbọ. Tí a bá wá pa ẹni tó ń gba ẹbọ tán, ta ni yóò gbà á? Nigerian Conservation Foundation, tó wà ní Lẹ́kí, ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jókòó lórí ewé àti egbò tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Ẹ̀yin lẹ mọ ewé ju àwa lọ.

Òfin ò sùn. Láti 1968 ni àwọn ìjọba Áfíríkà ti ṣe àdéhùn ní Algiers pé kí wọ́n dáàbò bo gbogbo igún. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ lórí ẹranko tó fẹ́ tán láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ò lè jókòó ti gbogbo atẹ. Ẹni tó ń rà ló ń rán ẹni tó ń pa níṣẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa má ra orí, ìyẹ́ tàbí ẹsẹ̀ igún mọ́. Tí wọ́n bá ní kó mú un wá, kó béèrè ewé tó lè dípò rẹ̀. Ìkejì, kí àgbà méjì bá wa lọ sọ́dọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà àdúgbò wa. A ò ní mú ọlọ́pàá lọ. Orí atẹ yẹn ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ la máa bá wọn sọ. Ìkẹta, òkú eku tàbí ajá tí òtápìàpíà bá pa, ká sin ín, ká má sọ ọ́ sí ààtàn. Ìkẹrin, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ igún lágbàáyé. Kí ìgbìmọ̀ fún wa láṣẹ àti owó ọkọ̀ díẹ̀, ká lè lo ọ̀sẹ̀ yẹn láti wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà lágbègbè wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sórí WhatsApp. Kí alága bi ilé lónìí: ṣé a gbà, àbí a ò gbà? Àwọn ọ̀dọ́ ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́, àṣẹ yín la ń retí.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.