Ìsun Odò Ni Ká Tọ́jú

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ìlá-Ọ̀ràngún

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n má sọ ti òṣèlú, kí n má sì sọ ti owó ẹgbẹ́ tí àwọn kan ò tíì san. Mo ní kò burú, n ó sọ̀rọ̀ ẹja. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ ẹja tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ omi tí à ń mu ni, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa sì ni pẹ̀lú.

Ẹja kan wà lókè òkun tí wọ́n ń pè ní salmon. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London máa ń rà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹran rẹ̀ a máa pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń rà yẹn, sísìn ni wọ́n sìn ín nínú àwọ̀n ńláńlá létí òkun, bí a ti ń sin adìyẹ. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni èyí tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń sìn.

Inú odò tó mọ́, tó sì tutù, ní ilẹ̀ bíi Scotland, Ireland, Norway àti Kánádà, ni ìyá rẹ̀ ti ń yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ọmọ ẹja náà á gbé inú odò yẹn fún ọdún 2 tàbí 3, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá gbó tó, á bá omi sọ̀kalẹ̀ lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì wẹ̀ títí dé ẹ̀bá Greenland, níbi tí oúnjẹ gbé pọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1 sí 3 lójú agbami, á yí padà. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run: ẹja yìí á la gbogbo agbami yẹn já, á wá odò tí wọ́n ti pa á lẹ́yin rí, á máa gbóòórùn omi náà títí á fi dé ibẹ̀. Bí omi tó ń jábọ̀ láti orí àpáta bá dí i lọ́nà, á fò ó. Àwọn baba wa ní odò kì í ṣàn kó gbàgbé ìsun. Ẹja yìí náà kì í wẹ̀ kó gbàgbé ìsun. Ohun tí àwa náà ṣe tí a fi pé jọ síbí lónìí nìyẹn.

Bí wọ́n ti ń pẹja yìí yàtọ̀ sí tiwa. Àwa, nígbà tí a wà lọ́mọdé, ekòló là ń fi sẹ́nu ìwọ̀, àwọn àgbà a sì máa dẹ ìgèrè tàbí kí wọ́n na àwọ̀n. Àwọn, wọ́n á mú ìwọ̀, wọ́n á fi ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹran àti òwú aláwọ̀ mèremère wé e lára, títí yóò fi dà bí kòkòrò tàbí ẹja kékeré. Eṣinṣin ni wọ́n ń pè é. Eṣinṣin yìí fúyẹ́, kò lè lọ jìnnà bí a bá jù ú lásán, nítorí náà okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó wúwo. Wọ́n á fi ọ̀pá gígùn ju okùn yìí síwájú, sẹ́yìn, lójú òfurufú, kó tó rọra balẹ̀ sórí omi.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé salmon tó ń bọ̀ wálé kì í jẹun mọ́ tó bá ti wọ odò. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jẹ. Ebi kọ́ ló ń mú kó gbé eṣinṣin. Àwọn apẹja a máa ní inú ló ń bí i, àwọn mìíràn a ní ó rántí ohun tó ń jẹ nígbà èwe rẹ̀ ni. Nítorí bẹ́ẹ̀, èèyàn lè dúró nínú omi tútù dé itan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kó má rí nǹkan kan mú relé. Ní 1922, arábìnrin kan tó ń jẹ́ Georgina Ballantine fi ọ̀pá ìpẹja mú ọ̀kan nínú odò Tay ní Scotland. Ẹja náà wọn pọ́n-ùn 64, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 29. Títí dòní, òun ló ṣì wà nínú ìwé pé ó tóbi jù ní Britain.

Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni òfin. Láti 1318, ní ayé ọba wọn tó ń jẹ́ Robert Bruce, ni wọ́n ti ṣe òfin ní Scotland pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọgbà dí odò débi pé ọmọ salmon kò ní rí ọ̀nà lọ. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa salmon níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ìgbà kan tún wà lọ́dún tí wọ́n ń ti odò pa, kí ẹja lè yé ẹyin láìsí ìyọnu. Láti 2016, ìjọba wọn ń yẹ odò wò lọ́dọọdún. Odò tí ẹja inú rẹ̀ kò bá tó, ẹni tó bá mú salmon níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà sómi láàyè. Kódà níbi tí òfin kò ti fi dandan mú wọn, wọ́n ń dá a padà. Nínú 10 tí wọ́n bá fi ọ̀pá mú ní Scotland báyìí, ó lé ní 9 tó ń padà sínú odò. Ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún ni ọ̀pọ̀ ń lò, wọn kì í gbé ẹja náà kúrò lómi pẹ́, wọ́n á kọ orí rẹ̀ sí ìṣàn omi, wọ́n á rọra dì í mú títí èémí rẹ̀ á fi padà, á sì lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń rò. Ẹni tó sanwó, tó dúró nínú òtútù látàárọ̀, tó mú ẹja ńlá, tó wá tún dá a padà! Ẹ lè ní orí rẹ̀ kò pé. Orí rẹ̀ pé o. Ó rí i pé ẹja náà ń tán lọ ni. Ní oṣù kejìlá 2023, àjọ àgbáyé IUCN, tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun sílẹ̀, sọ pé láàárín 2006 sí 2020, salmon yìí dín ní 23 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri àgbáyé. Ìsédò, ìdọ̀tí, omi tó ń gbóná sí i, àti kòkòrò tó ń ti ara àwọn tí wọ́n ń sìn ràn wọ́n, gbogbo rẹ̀ ló kóra jọ.

Ẹ ó ní kí ló kan Ìgbómìnà nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó? Ó kàn wá. Òfin má-pẹja yìí, àwọn baba wa mọ̀ ọ́n kí òyìnbó tó dé. Ẹ wo Òṣogbo. Kí ni ìtumọ̀ oyè Àtáọ́ja? Wọ́n ní A-tẹ́-wọ́-gba-ẹja ni. Ìtàn sọ pé nígbà tí ọba àkọ́kọ́ bọ Ọ̀ṣun létí odò, ẹja ńlá kan yọ, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Láti ìgbà náà, ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni wọ́n ka ẹja odò náà sí, èèwọ̀ sì ni láti pẹja tàbí ṣọdẹ nínú igbó rẹ̀. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n mú un gbòòrò sí i ní 1992. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ jà fitafita kí wọ́n má baà gé igi ibẹ̀ tán. Ní 2005, UNESCO kọ hẹ́kítà 75 náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja láti 1934, wọ́n ń ti odò pa fún ẹja kó lè dàgbà. Olóyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Sarkin Ruwa, òun ló ń mójú tó omi. Lọ́jọ́ ọdún, igbá àti àwọ̀n ọwọ́ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé wọ odò.

Nígbà náà, níbo ni wàhálà wà? Ẹ padà sí Òṣogbo. Ẹnikẹ́ni kò pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, síbẹ̀ omi odò náà pọ́n bí ẹrẹ̀. Òkè odò ni wọ́n ti bà á jẹ́, níbi tí àwọn kan ti ń wa wúrà, tí wọ́n ń fọ ilẹ̀ sínú omi. Mercury tí àwọn awakùsà fi ń kó wúrà jọ, bó bá wọ odò, á wọ inú ẹja, á sì ti inú ẹja wọ inú ẹni tó jẹ ẹ́. Ní 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó pé, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi tí àwọn èèyàn ti ilẹ̀ òkèèrè wá ń bù relé! Èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò bá pa èèwọ̀ mọ́ tó báwo, bí ẹni tó wà lókè kò bá pa á mọ́, asán ni.

Ẹ̀yin ará mi, àwa la wà lókè. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti dé Òkè-Ìlá, tó rí bí omi Àyìkúnnugbá ṣe ń jábọ̀ láti orí àpáta, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn odò kéékèèké tó ń sun nílẹ̀ wa, odò ńlá ni wọ́n ń ṣàn lọ bá. Ohun tí a bá dà sínú wọn, ẹlòmíràn ni yóò mu ún.

Mo mọ̀ pé onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bọ odò o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbẹ̀rù òrìṣà ló ń ṣọ́ púpọ̀ nínú odò wa nígbà kan. Nígbà tí ìbẹ̀rù yẹn kúrò, a ò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Àwọn ará Scotland fi òfin rọ́pò, wọ́n sì ń pa á mọ́. Àwa náà ní òfin: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1992 lórí ẹja odò sọ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń fi májèlé tàbí ohun abúgbàù pẹja. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ ọ?

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún kò pọ̀. Èkíní, ká bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀ nípa oògùn. Gbogbo wa la mọ Gamalin 20 tí wọ́n máa ń fín sí kòkó. Bí wọ́n bá da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sódò, ẹja á léfòó, àtẹja ńlá àtọmọ ẹja, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ń jẹ oògùn náà. Ní 2009, lábẹ́ àdéhùn Stockholm, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòpin sí lindane tó wà nínú rẹ̀.

Èkejì, ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ìgbà yẹn ni àrọ̀ ń jáde sí etí omi tó kún láti yé ẹyin. Àwọn ẹpìyà kan sì wà tó jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ń gbé ẹyin àti ọmọ wọn. Ẹni tó bá pa ọ̀kan nígbà yẹn, ó ti pa agbo. Ẹ jẹ́ ká bẹ Kábíyèsí àti àwọn olóyè wa kí wọ́n ya oṣù díẹ̀ sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní í pẹja.

Ẹ̀kẹta, ibú tó bá kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká má gbọ́n ọn gbẹ. Ẹja tó wà níbẹ̀ ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹja púpọ̀, kó gbẹ́ adágún kó sin àrọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é báyìí, ó sì ń mówó wọlé.

Ẹ̀kẹrin ni ti súkúù wa. Ẹ jẹ́ ká ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún tíṣà báyọ́lọ́jì, kí àwọn ọmọ máa lọ wo odò tó sún mọ́ wọn jù lóṣooṣù: ṣé omi mọ́, ẹja wo ni wọ́n rí, igi mélòó ni wọ́n gé létí rẹ̀? Lẹ́yìn ọdún 10, ìwé yẹn yóò wúlò ju ògiri tí a kun lọ́dà lọ.

Láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bó bá gbẹ tán, kíkán ló ń kán. Àwọn ọmọ tó wà ní súkúù lónìí ni kí a kọ́, kí ọ̀rọ̀ náà tó gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn náà bá di akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tí wọ́n ti òkèèrè padà wá sílé bí salmon, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá omi nínú odò, kí wọ́n sì bá ẹja nínú omi.

Odò wa kò ní gbẹ. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Àwọn olùkọ́ wa yóò jẹ èrè iṣẹ́ wọn.